Ejò Tí Bàbá Mi Pa

Òórùn ajá tí òjò pa gbá mi nímú ní Láfẹ́nwá láàárọ̀ yìí. Bàbá mi ló wá sí mi lọ́kàn, mo sì pòṣé.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó máa ń kó èmi, ìyá mi àti àwọn ajá wa méjì kọjá Adigbẹ lọ sí etí odò Ògùn. Yóò pàgọ́, yóò wọ bàtà bọ́ọ̀tù tó ń dán, yóò sì máa ṣàlàyé igbó fún wa bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, ejò kan yọ lábẹ́ àgọ́. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bàbá mi ti sá wọ mọ́tò, ó ti tilẹ̀kùn. Ìyá mi fà mí sẹ́yìn ara rẹ̀. Dúdú, ajá wa àgbà, ló fò mọ́ ejò náà. Ó pa á, ṣùgbọ́n ejò ti bù ú ṣán nímú. Orí ẹsẹ̀ mi ni Dúdú kú sí, pẹ̀lú irun tútù tó ń rùn.

Bàbá mi yí gíláàsì mọ́tò wálẹ̀ díẹ̀. "Ṣé ó ti kú?"

"Èwo nínú wọn lẹ ń bèèrè?" ni ìyá mi wí.

Lọ́jọ́ kejì, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi ń fi apá júwe gígùn ejò tó fi igi lásán pa. Àwọn èèyàn ń kí i kú ewu. Ó yíjú sí ìyá mi. "Àbí mo purọ́?"

"Ẹ bi Dúdú," ni ìyá mi dáhùn. Ó di ọwọ́ mi mú, a sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Mo rò pé ikú ajá ló ń dun ìyá mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọjọ́ náà ló pinnu láti kọ bàbá mi sílẹ̀.