Ìyá Àlàbá Kò Kó Lọ sí Ìlọrin

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín, kò sí irú tó tó ti Ìyá Àlàbá ní gbogbo Ìlọ́fà. Èmi Leah ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ògiri kan ló wà láàárín ilé tèmi àti tirẹ̀. Ṣùgbọ́n irú kì í jinná bọ̀rọ̀. Láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú ni ìkòkò rẹ̀ máa ń wà lórí iná, orúnkún Ìyá sì ti kọ igi ṣíṣẹ́. Ní 1984, ọmọ rẹ̀ Àlàbá, tó ń ṣe tíṣà ní Ìlọrin, ní kí ó wá bá òun gbé. Ìyá fárí gá. "Bí n kò bá se irú, kí ni n ó máa jí ṣe? Kí n máa ka mọ́tò ni?"

Àlàbá bá gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ó bò ó pa, ó sì la ojú ṣáláńgá Ìyá sí i kí ìgbẹ́ lè máa ṣàn sínú rẹ̀. Ohun tó bá jẹrà níbẹ̀ á tú afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ náà á gba páìpù wọ ilé ìdáná, á sì máa jó lábẹ́ ìkòkò. Kò rùn, kò léèéfín. Imú mi ni mo fi gbọ́ ọ.

Bàbá Lazarus, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní iná ìgbẹ́ kò ní se ohun tí òun yóò jẹ. Ẹ gbọ́ nǹkan! Irú tó ti ń rùn látìgbà ìwáṣẹ̀ ni gbogbo ìlú wá ń bá a yínmú sí. Ọjà kú. Èyí tó tún burú, Ìyá nìkan ló ń gbélé, ìgbẹ́ ẹnì kan kò sì lè gbé iná ró. Mò ń lé àwọn ọmọ mi lọ sí ṣáláńgá rẹ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n inú igbó ni àwọn aládùúgbò yòókù ń lọ, kò sì tó. Nígbà tí mo rí i tí Ìyá ń ká aṣọ sínú àpótí láti lọ sí Ìlọrin, inú mi bàjẹ́ gan-an.

Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí ìgbẹ́ gbuuru ká Bàbá Lazarus mọ́ ojúde wa. Igbó jìnnà. Mo rí i tó di ṣòkòtò mú, tó sáré wọ ṣáláńgá Ìyá. Nígbà tó jáde, Ìyá ti dúró dè é pẹ̀lú irú tó pọ́n sínú ewé.

"Alàgbà, ẹ ṣeun o. Ẹni tó bá bá mi ṣẹ́gi kì í padà lọ́wọ́ òfo."

Bàbá wo irú, ó wo ilẹ̀, ẹ̀rín sì pa á. Ó gbà á.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, Susanna ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ wá ra sí i, àwọn ará ìjọ sì tẹ̀ lé e. Ìyá tú aṣọ rẹ̀ jáde nínú àpótí. Láti ìgbà náà, bí Bàbá Lazarus bá rí ọmọ tó ń yọ́ lọ sínú igbó láàárọ̀, á pè é padà.

"Ìwọ, níbo lò ń gbé igi Ìyá Àlàbá lọ?"