Ìparí Fíìmù Tí Bàbá Khàdíjàt Rí

Nígbà tí Khàdíjàt kọ́kọ́ rí àpótí náà, ó rò pé lọ́fínńdà olówó gọbọi ló wà nínú rẹ̀. Orí tábìlì ló wà nílé Ayọ̀midọ̀tun ní Garki, níbi tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù àtijọ́ ti máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé. Khàdíjàt kì í ṣe ọ̀kan lára wọn. Agbẹ̀bí ni, ilé ìwòsàn kékeré kan ní Lugbe ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì gbẹ̀bí ọmọ tí Ayọ̀midọ̀tun ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Kò ráàyè lọ síbi ìkómọ, ló bá yà wá kí wọn lọ́jọ́ tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́.

Ó gbé àpótí náà. Ó wúwo ju bó ṣe rò lọ. Páálí rẹ̀ nípọn, ó ń dán, ó sì tutù lọ́wọ́. Wọ́n ya odò sí i lára, odò aláwọ̀ ewé tó ṣàn yí àpótí náà ká títí tó fi pàdé ara rẹ̀ lẹ́yìn. Ọkọ̀ ojú omi kan wà láàárín odò náà, obìnrin kan sì dúró nínú rẹ̀ tòun ti àjẹ̀ lọ́wọ́. Khàdíjàt ka ohun tí wọ́n kọ sókè rẹ̀. Ara rẹ̀ bù máṣọ.

"Atúkọ̀ Obìnrin!" ló kígbe. "Fíìmù bàbá mi!"

Ọmọ tó sùn lápá Ayọ̀midọ̀tun ta gìrì. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Kai! Anti Nọ́ọ̀sì, ẹ mọ̀ ọ́n ni? Ẹ ṣí i, ẹ wo inú rẹ̀."

Ìwé tó kún fún àwòrán ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú pósítà kan tí wọ́n ká jẹ́jẹ́ àti àwo fídíò kan tó ń kọ mànà. Fíìmù tí Khàdíjàt mọ̀ ní tirẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi sẹlotéèpù lẹ̀ pọ̀, tàbí àwo inú ọ̀rá tí wọ́n ki fíìmù rẹpẹtẹ sí lójú kan, tí yóò máa há gẹ́lẹ́ níbi tí ó bá ti dùn. Kò mọ̀ pé ẹnì kan lè jókòó níbì kan kó sọ pé fíìmù Yorùbá àtijọ́ yẹ fún irú ẹ̀yẹ báyìí. Ó gbé ìwé náà símú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ojú tì í díẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀.

"Ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ló ṣe é," Ayọ̀midọ̀tun ṣàlàyé. "Wọ́n wá ọ̀já tí wọ́n fi ya fíìmù náà kiri títí wọ́n fi rí i kó jọ, wọ́n wá fọ àwòrán rẹ̀ mọ́. Ìwọ̀nba ni wọ́n ṣe, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló bá mi rà á. Wọ́n ní odindi rẹ̀ nìyí, bí wọ́n ṣe fi hàn ní sinimá láyé ọjọ́un."

"Odindi rẹ̀?" Khàdíjàt jókòó.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú ìdílé wọn. Àbdùlláhì, bàbá rẹ̀, ọmọ Kàbà, awakọ̀ ajàgbé ni nígbà èwe rẹ̀. Ìgbà kan tó já ẹrù n'Ílọrin ló wọ sinimá kan, ó sì wo Atúkọ̀ Obìnrin. Nígbà tí fíìmù náà wá di kásẹ́ẹ̀tì, gbogbo èèyàn rà á, gbogbo wọn ló sì mọ bó ṣe parí: àwọn ọ̀tá lé obìnrin náà wọ odò, ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé, àjẹ̀ nìkan ló léfòó. Ó tán. Obìnrin náà kú.

"Kò kú o," Bàbá á ní. "Ó jáde lódìkejì. Ó fún omi aṣọ rẹ̀, ó wò wá lójú, ó bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo sinimá ló dìde, tí wọ́n ń pariwo."

Bámiṣayọ̀, àbúrò Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ìjọba, tó sì ń gbé ní Karmo, kì í jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Ẹ̀gbọ́n mi, oorun ló gbé yín lọ ní sinimá. Àlá lẹ lá." Bí wọ́n ṣe sọ Bàbá ní Alálàá nìyẹn. Níbi Iléyá, níbi Kérésì, níbi ìpàdé àwọn ọmọ Okun, ẹnì kan á ṣáà ní kí Alálàá wá ròyìn bí òkú ṣe rẹ́rìn-ín, ilé á sì gba ẹ̀rín.

Bàbá náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó dẹ́kun sísọ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Khàdíjàt ń gé èékánná fún un nílé tí wọ́n jọ ń gbé ní Lugbe, ó béèrè wọ́ọ́rọ́wọ́: "Khàdí, àbí mo lá a lóòótọ́ ni?" Kò sí yẹ̀yẹ́ kan tó dun ọmọ rẹ̀ tó ìbéèrè yẹn.

Khàdíjàt ro gbogbo rẹ̀ fún Ayọ̀midọ̀tun.

"Ẹ ò rí nǹkan," Ayọ̀midọ̀tun ní. "Àwa gan-an ò tíì wò ó. Àwo yẹn ò gbà láti ṣiṣẹ́. Ọjà Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, bí a bá ti fi sínú ẹ̀rọ tó wà níhìn-ín, á kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé òun ò ní ṣiṣẹ́ ní agbègbè yìí. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ló máa gbọ́ tirẹ̀."

"Bí mo bá rí ẹ̀rọ náà ńkọ́?"

Ayọ̀midọ̀tun wo àpótí náà. Kò jẹ́ kó jáde nílé rí. Ó wá wo ọmọ tó wà lápá rẹ̀, ọmọ tí ọwọ́ Khàdíjàt gbà wá sáyé lọ́jọ́ tí gbogbo wọn ti ń sunkún pé kò ní yè.

"Bí ẹ bá rí i, èmi fúnra mi ni mo máa gbé e wá sí Lugbe."

Khàdíjàt bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó béèrè nílé ìwòsàn, ó béèrè ní ásàláátù, ó wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe kiri ní Area 1. Àwọn kan wò ó bí ẹni tó ń wá eyín àkùkọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń ká aṣọ lórí okùn, ó ráhùn fún Mama Felicia, ọmọ Ẹ̀kìtì tí ògiri kúkúrú kan ṣoṣo wà láàárín ilé wọn.

"Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà?" Mama Felicia ní. "Ọ̀kan kúkú wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Látìgbà tí mo ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ mi l'Amẹ́ríkà dé, mi ò tú u. Má tì í bọ iná tiwa lásán o, á jóná. Mo ní tiransifọ́mà tó ń dín iná kù."

Khàdíjàt fò mọ́ ògiri, ó dì mọ́ Mama Felicia lọ́rùn láti òkè.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì, Bámiṣayọ̀ ti Karmo dé. "Okun o, ẹ̀gbọ́n mi," ó kí Bàbá bí wọ́n ṣe ń kíra nílé wọn ní Kàbà, ó sì jókòó gbẹdẹmukẹ sáàárín yàrá. Mama Felicia gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Ayọ̀midọ̀tun dé pẹ̀lú àpótí tó fi ìborùn wé. Bàbá gba àpótí náà sórí itan, ó ń fi ìka tọ odò ara rẹ̀ lọ.

Àwo náà ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwòrán yọ, ẹnu ya gbogbo wọn. Nínú kásẹ́ẹ̀tì, bí ẹni wo nǹkan láti inú èéfín ni. Níbí, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn obìnrin náà, wọ́n rí òógùn iwájú orí rẹ̀. Mama Felicia ń dá ọ̀rọ̀ sọ bí ẹni pé àwọn ọ̀tá náà á gbọ́. Wọ́n lé obìnrin náà wọ odò. Ọkọ̀ dojú dé. Àjẹ̀ léfòó, ó ń lọ, ó ń lọ.

"Ó tán," Bámiṣayọ̀ ní, ó dìde, ó na ara. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́."

"Jókòó," Bàbá ní.

Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Khàdíjàt di apá àga bàbá rẹ̀ mú. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Ìmọ́lẹ̀ yọ lórí iyanrìn, ọwọ́ kan jáde láti inú omi, ó gbá gbòǹgbò igi mú. Obìnrin náà fà ara rẹ̀ gòkè. Ó dúró. Ó fún omi aṣọ rẹ̀, ó gbójú sókè, ó wò wọ́n tààrà. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Òun nìyẹn!" Bàbá ti dìde lójijì, ọ̀pá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. "Òun nìyẹn! Alihamudulilahi! Mo sọ fún yín! Mo sọ fún yín!"

Ariwo sọ. Mama Felicia ń jó. Ayọ̀midọ̀tun ń fi ìborùn nu ojú. Bámiṣayọ̀ dúró bí igi, ẹnu rẹ̀ là. Nígbà tó yá, àgbàlagbà olórí funfun náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. Ojú yín ló rí i."

Bàbá fà á dìde, wọ́n dì mọ́ ara wọn, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú wọn. Bámiṣayọ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dá a padà kí òun tún un wò. Wọ́n wò ó títí iná fi lọ.

Ní Sátidé kejì, Ayọ̀midọ̀tun ránṣẹ́ pé kí Bàbá wá sí Garki, àwọn ẹgbẹ́ òun fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó rí fíìmù náà ní sinimá. Khàdíjàt lọ aṣọ fún un, wọ́n wọ táàsì lọ. Bí Bàbá ṣe wọlé, àwọn ọ̀dọ́ tó kún yàrá náà dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnì kan béèrè fíìmù mìíràn tó wò nígbà yẹn, tí kò sí ẹni tó tún gbúròó rẹ̀ mọ́.

"Wọ́n pọ̀," Bàbá ní. Ó gba omi mu, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀.