Àwòrán Ilẹ̀kùn Ilé Wa

Bàbá mi ti fi ogójì ọdún gé kọ́kọ́rọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn tó wà níwájú ilé, wọn ò sì fọkàn tán ẹnì kankan láyé yìí. Àgádágodo méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Tí wọ́n bá fẹ́ lọ fọwọ́ lásán, wọ́n á kọ́kọ́ ti ṣọ́ọ̀bù. "Bàbá Ta-nìyẹn" làwọn oníbàárà ń pè wọ́n, torí ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn kí èèyàn tó kanlẹ̀kùn tán.

Ẹ̀yin náà ẹ wo irú ojú tí wọ́n máa fi wo olùkọ́ ọmọ mi. Ọmọbìnrin mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́rin, kò sì tíì pe ẹnikẹ́ni rí, títí kan èmi ìyá rẹ̀. Dókítà ní ọ́tísìmù ni, ìyẹn ohun tó máa ń mú kó ṣòro fún ọmọ láti bá èèyàn sọ̀rọ̀, pé ká tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́, ló bá rán olùkọ́ yìí sí wa. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń wá. Á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, á máa kọ nǹkan sínú ìwé.

"Kí ló ń kọ?" Bàbá bi mí.

"Bí ọmọ ṣe ń ṣeré ni, Bàbá."

"Ta ló ń sanwó fún èèyàn pé kó máa kọ eré ọmọdé sílẹ̀? Wọ́n fẹ́ gba ọmọ yìí lọ́wọ́ rẹ ni. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o."

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kejì, èmi gan-an ń na ọrùn wo ìwé olùkọ́ láti ẹ̀yìn, bí olè.

Olùkọ́ wá fi fóònù ya àwòrán ife ọmọ, ó ya bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ya ilẹ̀kùn àbájáde. Ó tẹ̀ wọ́n sórí páálí, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ pátákó kan lára ògiri. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọmọ, kó já àwòrán ife, kó fi lé wa lọ́wọ́. Bó bá fẹ́ jáde, kó já ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi ilẹ̀kùn lé mi lọ́wọ́, mo sunkún.

Bàbá ò sunkún ní tiwọn. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n tẹjú mọ́ àwòrán ilẹ̀kùn náà.

"Kọ́kọ́rọ́ wa ló wà lórí ìṣó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn nínú àwòrán yìí. Wo eyín rẹ̀, máràárùn-ún ló hàn. Kó o tó mumi tán, mo ti fi àwòrán yìí gé òmíràn. Obìnrin yìí ń wo ilé wa fáwọn olè ni."

Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe tèmi nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ dé, ó bá àgádágodo tuntun lẹ́nu ọ̀nà. Àwòrán ilẹ̀kùn ò sí lára pátákó mọ́. Ọmọ lọ síbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ibi tó ṣófo náà, ó ń pa á, ó wá figbe ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ge ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ní láti bá wa sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bó bá sú u, ta ló mọ ìgbà tó tún máa gbìyànjú?

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," olùkọ́ sọ jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ bá wa rí i?"

Bàbá káwọ́ gbera lẹ́nu ọ̀nà. Àṣé etí páálí náà yọ síta lápò ẹ̀wù wọn, ọmọ sì rí i. Ọmọ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun, ó lọ bá wọn, ó tiro, ó fà á yọ, ó fi lé wọn lọ́wọ́, ó sì ká ìka wọn lé e lórí.

Ẹni tó ti fi ogójì ọdún gé kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni wọ́n dán wò kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Nígbà tí Bàbá àti ọmọ wọlé padà láti ìta, Bàbá dúró ti olùkọ́.

"Ẹ tún ilẹ̀kùn yẹn yà. Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ kúrò níbẹ̀." Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ ya èmi náà kún un. Àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ohun tó wà lọ́wọ́ mi hàn."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ já àwòrán kan, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo wò ó, ojú bàbá mi ni. Mo yọrí sí ojú fèrèsé.

"Bàbá, wọ́n ń pè yín."

"Ta nìyẹn?"

"Ọmọ yín ni."

Wọ́n sáré wọlé tàwọn ti ayùn lọ́wọ́, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu.