Ọjọ́ Tí Mo Jẹ Obì Kí N Tó Tọ́ Bíà Wò

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, kí ẹ jókòó. Ohùn mi ti rẹ̀, n kò lè pariwo mọ́. Iṣẹ́ tí mo ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni mo fẹ́ sọ. Ahọ́n mi ni mo fi ṣe é.

Ọ̀gá mi ní ilé ìpọntí kékeré kan lọ́nà Ìjàgùn. Bálì, ọkà tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun fún bíà, ti wọ́n gógó, ọkà bàbà la fi ń pọn bíà. Ewúro ló ń fún un ní ìkorò. Ìyá Títí, opó kan tó ní gbọ̀ngàn orin, ló ní ká pọn ọ̀kan fún òun: kó fúyẹ́, kó ní àwọ̀ oyin, kí ẹni tó bá mu ún má sùn kí olórin tó kọrin tán. Òun nìkan ni oníbàárà gidi tó kù fún wa. Bí kò bá gbà á, a ó ti ilé ìpọntí pa nìyẹn.

Báyìí la ń ṣe é: Ràílà, tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá, á máa da omi ewúro sínú táǹkì, igbá kan lẹ́ẹ̀kan, èmi á máa tọ́ ọ wò. Tí mo bá ti ní ó tó, á dáwọ́ dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ọ̀gá fi obì súre fún táǹkì, ó fún mi ní awẹ́ kan. Ta ló ń kọ obì àdúrà? Mo jẹ ẹ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ bíà wò, ó ń dùn ṣáá.

"Ó kù," ni mo wí.

"Bọ̀dá, igbá mẹ́rin la máa ń dà. Èyí á di méje o."

"Ṣé ahọ́n rẹ ni wọ́n gbà síṣẹ́ ni àbí tèmi?"

Ó dà á.

Nígbà tí a pọn bíà náà tán, tó di ọjọ́ tí Ìyá Títí máa wá, Ọ̀gá mu díẹ̀, ó tu ú dànù.

"Ràílà, bíà lo pọn yìí ni àbí àgbo? Lọ kó ẹrù rẹ."

Ràílà wò mí. N kò tètè jẹ́wọ́, ìyẹn ló ṣì ń dùn mí títí dòní. Ó ti ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tán kí ẹnu mi tó là.

"Èmi ni, sà. Mo ti jẹ obì lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá jẹ obì, omi lásán á dùn lẹ́nu rẹ̀."

"Ta ló fún ẹ lóbì lẹ́nu iṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó rọra jókòó sórí àpò ọkà.

Ibẹ̀ ni Ìyá Títí ti bá wa. Ọ̀gá kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. Ìyá náà tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú obì jáde, ó jẹ ẹ́ tán, ó wá mu bíà náà.

"Àwọn àgbà tó ń wá gbọ́ orin lọ́dọ̀ mi, ta ni kì í jẹ obì nínú wọn?" ló wí. "Màá gbà á. Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ á bú yín."

Wọ́n sì bú wa.

Láti ọjọ́ náà, Ràílà ló ń tọ́ ọtí wò, èmi ni mò ń já ewúro. N kò janpata.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá ti ilé ìpọntí, ó padà sí Ìmùṣin. Ràílà ló jogún táǹkì àti ìkòkò. Àwọn ọmọ Ìyá Títí jogún gbọ̀ngàn, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń kó sí i. Gíláàsì tí mo fi ń tọ́ ọtí wò ló kàn mí. Oògùn ara ríro ni mo fi ń mu báyìí. Bó bá korò jù, mo máa ń kọ́kọ́ jẹ obì.