Ibi tí wọ́n to ìwé Rìnsọ́lá sí

Staten Island ní Améríkà ni wọ́n bí Rìnsọ́lá Mákánjúọlá sí. Àdúgbò Mariners Harbor níbẹ̀ ló dàgbà sí, òun náà ló sì kọ ìwé lé lórí: yìnyín, bọ́ọ̀sì tí kì í tètè dé, ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílé onílé. Nàìjíríà ò sí nínú rẹ̀ àfi lórí fóònù.

Nígbà tí ìwé jáde, ó lọ wò ó ní láíbìrì àdúgbò. Abala Áfíríkà ló ti bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé nípa kìnnìún. Ó gbé e lọ sáàárín àwọn ìtàn Améríkà, nítorí ìtàn Améríkà ni. Nígbà tó padà dé, ìwé ti wà lọ́dọ̀ kìnnìún.

Ó tún gbé e. Wọ́n tún dá a padà.

“Wọ́n bí mi síbí,” ó pariwo fún Wùnmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, lórí fóònù. “Mò ń san owó orí síbí. Ìwé mi ò tíì rí ìwé ìgbélùú gbà!”

“Ṣé kìnnìún ti bù ú jẹ ni?” Wùnmí ń rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé, Rìnsọ́lá jókòó sí láíbìrì, ó fi ìwé ìròyìn bojú, ó ń ṣọ́ òyìnbó tó ń dá ìwé rẹ̀ padà.

Ìyá rẹ̀ ló wọlé. Ó ń lọ síbi ìdánrawò akọrin ìjọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ ìwé ọmọ rẹ̀, ó fi háńkáṣífù nù ún, ó kọrí sí Áfíríkà.

Rìnsọ́lá kúnlẹ̀ kí i. Inú ń bí i lórí ìkúnlẹ̀. “Mọ́mì, kí lẹ ń ṣe?”

“Àwọn èèyàn wọ̀nyí ni! Wọ́n ń fi ọ́ pamọ́ sáàárín tiwọn.”

“Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, mà.”

“Ìwọ? Ta ló fẹ́ wá ọmọ Mákánjúọlá láàárín àwọn Johnson?”

“Ara wọn ni mo jẹ́, mà.”

“Ara wọn kẹ̀? Èmi tí mo bí ọ ńkọ́?”

“Ṣé ẹ ti kà á?”

“Mo ti rí fọ́tò rẹ lẹ́yìn rẹ̀.”

Rìnsọ́lá mí kanlẹ̀. Ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá wọ gíláàsì, ó jókòó.

“Bọ́ọ̀sì wa rè é.” Ó ṣí i síwájú. “Kóòtù òtútù mi!” Ó ń kà á lọ títí àkókò ìdánrawò fi kọjá.

Nígbà tó dìde, kò kọrí sí Áfíríkà, kò kọrí sí Améríkà. Ó ki ìwé bọ báàgì, ó gba ọ̀nà ìta. Aago tó ń ṣọ́ olè lẹ́nu ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í han.

“Ìwé láíbìrì ni, mà!”

“Èmi ni mo wà nínú rẹ̀. Ta ni mo jí?”

Daniel tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti ń bọ̀. Rìnsọ́lá fa káàdì láíbìrì rẹ̀ yọ, ó yá ìwé ara rẹ̀.