Obìnrin Mọ́kànlá Lára Ògiri Nọ́ọ̀sì Olúsànyà

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń sin Pápá Ilésanmí ní Ìpẹ̀rú, wọ́n ti sọ pósí kalẹ̀, alùfáà sì ti bu iyẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́ láti dà á lé e lórí, nígbà tí obìnrin kan ké láàárín èrò pé, "Ẹ dúró!"

Gbogbo ojú yí sẹ́yìn. Àwọn ọmọ olóògbé ń wo ara wọn. Ẹni tó bá ké "ẹ dúró" létí sàréè ọkùnrin ọlọ́rọ̀, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló fẹ́ sọ: bóyá ó bí ọmọ kan fún òkú tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tàbí ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà là wọ́n kọjá pẹ̀lú abọ́ tánganran lábẹ́ apá.

"Ẹ forí jì mí, sà. Ẹ má da èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn sí i. Àwọ̀ àlùkò ni, ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ bu ti apá ọ̀hún. Pupa lásán nìyẹn, ó tó òkú."

Alùfáà wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ọmọ olóògbé tó jẹ́ àgbà bi obìnrin náà pé, "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi iyẹ̀pẹ̀ sàréè bàbá wa ṣe?"

"Obìnrin Ìpẹ̀rú kan ni mo fẹ́ fi kùn," ni ó fèsì.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n mú un lọ tààrà. Wọ́n ní kó kọ ohun tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó kọ ojú ewé mẹ́rin nípa bí ilẹ̀ Ìpẹ̀rú ṣe ń yí àwọ̀ padà láti òkè dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ọ̀gá ọlọ́pàá ka ojú ewé kan, ó dìde, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó máa lọ sílé.

Ìtàn yìí ti bàjẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́. Àwọn kan ní ó bẹ́ sínú sàréè. Kò bẹ́ síbì kankan. Etí sàréè ló dúró sí, ó sì kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Àwọn ará Ṣàgámù ní iyẹ̀pẹ̀ náà dúdú. Irọ́ nìyẹn pẹ̀lú. Àlùkò ni.

Deborah Olúsànyà lorúkọ obìnrin náà. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni, ó sì ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n káàkiri ilẹ̀ Rẹ́mọ kó tó fẹ̀yìn tì sí Ìkẹ́nnẹ́. Títí di ìgbà náà, kò fi búrọ́ọ̀ṣì kun nǹkan kan rí. Òwú tí wọ́n fi ń kun ẹgbò nìkan ló mọ̀ ọ́n mú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó lò kẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin aláboyún mọ́kànlá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n ń dúró dè é, ìlú kálukú wọn sì yàtọ̀ síra. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n gbà jókòó kò kúrò lójú òun. Ó fẹ́ kùn wọ́n sára ògiri iwájú ilé rẹ̀, kí ẹni tó bá ń kọjá lójú títì lè rí wọn.

Ó lọ ra ọ̀dà ní Ṣàgámù, ó ní obìnrin mọ́kànlá ni òun fẹ́ fi kùn. Nígbà tó ṣí i, àwọ̀ ilẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú agolo náà. Ó gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á.

"Obìnrin mọ́kànlá, àwọ̀ kan? Ṣé ìyá kan náà ló bí wọn ni?"

"Màmá, èèyàn dúdú ni gbogbo wọn."

"Ìwọ dúdú ju àbúrò rẹ tó wà níbí yìí lọ. Ṣé kí n fi orúkọ rẹ̀ pè ọ́?"

Láti ọjọ́ náà ló ti ṣòfin méjì fún ara rẹ̀. Èkíní ni pé ilẹ̀ ìlú obìnrin kọ̀ọ̀kan ni òun yóò fi kùn ún. Èkejì ni pé iṣẹ́ náà kò parí àfi tó bá la àsìkò òjò kan já, láti òjò àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn. Òfin kejì yìí ló gba ọdún mẹ́sàn-án lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Likosi, ó bá Tájù níbi tó ti ń gbẹ́ kànga. Iyẹ̀pẹ̀ funfun ń jáde láti ìsàlẹ̀.

"Màmá, ẹ máa kó o lọ. Ọ̀fẹ́ ni."

"Mi ò gba ọ̀fẹ́. Ohun tí mo bá gbà lọ́fẹ̀ẹ́, o máa dà á pọ̀ mọ́ra. Jẹ́ kí ti òkè wà lọ́tọ̀, kí ti ìsàlẹ̀ wà lọ́tọ̀. Èló ni agolo kan?"

Tájù kò ta iyẹ̀pẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó họ orí, ó sì dá iye kan.

"Fún iyẹ̀pẹ̀? Orí rẹ dà rú!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n pe iye, Màmá!"

Wọ́n ń ná an títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Ẹni tó ni kànga dé bá wọn, ó sì gbọ́ pé wọ́n ń rí owó lórí iyẹ̀pẹ̀ ilé òun. Ó ní kí Tájù gbàgbé ọ̀rọ̀ omi, kó ṣáà máa gbẹ́ lọ.

Iyẹ̀pẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ògiri fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, ó fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ pò ó. Iṣẹ́ náà dán, ó sì gún régé, títí àwọn ewúrẹ́ àdúgbò fi mọ̀ pé oúnjẹ ni. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti lá ẹsẹ̀ gbogbo obìnrin náà tán. Àwọn aládùúgbò rò pé yóò sunkún. Ó mú okùn ìwọ̀n jáde, ó wọn ibi tí ahọ́n dé, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kọ nípa aláìsàn: "Ewúrẹ́ dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ara wọn le."

Ní ọdún kejì, ẹyin ló lò. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Olúsànyà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àyẹ̀wò kòkó, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù méjì, ó ní, "Ìyá Démiládé, ògiri ń jẹ ẹyin, èmi ń jẹ ẹ̀kọ. Èwo nínú wa lẹ fẹ́?"

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá Démiládé. Ẹ̀yin ò ní wọ́ sílẹ̀ tí òjò bá rọ̀, àwọn lè wọ́."

Òjò rọ̀. Àwọn obìnrin ara ògiri wọ́ sílẹ̀. Ìdírísù, tó ń lẹ táyà lódìkejì ọ̀nà, rí omi aláwọ̀ mọ́kànlá tó ń ṣàn lọ nínú gọ́tà. Ó kígbe pé, "Nọ́ọ̀sì, àwọn aláboyún yín ti ń lọ sílé o!"

"Irọ́ ni! Mi ò tíì fọwọ́ sí i kí wọ́n lọ!"

Démiládé, ọmọ wọn tó wà lókè òkun, gbọ́, ó sì fi ọ̀dà olówó ńlá ránṣẹ́, irú èyí tí òjò kì í fọ̀. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lórí fóònù, ó gbàdúrà fún un, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí. Wọ́n fi kun ilé ìyàgbẹ́ wọn. Àwọn àlejò máa ń bèèrè ẹni tó ya àwòrán ilé náà.

Ní ọdún kẹrin, ọ̀rọ̀ di ti ìlú. Ẹnì kan gbọ́ tí Nọ́ọ̀sì Olúsànyà ń sọ pé ilẹ̀ Ìsarà kì í dúró lójú òjò. Kò sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ohun tó sọ ni pé èyí tí òun bù létí títì kò dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé Ìsarà. Ọ̀gbẹ́ni Ọláwọlé, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú náà, kó àgbà méjì lẹ́yìn wá.

"Mà, ẹ ní ilẹ̀ àwọn bàbá wa kò lágbára."

"Ẹ wá wò ó fúnra yín." Ó mú wọn dé iwájú ògiri. Obìnrin Ìsarà ṣì jókòó, ṣùgbọ́n kò ní ojú, kò ní imú.

Àwọn àgbà náà sún mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú wọn fi fìlà nu ojú. "Èyí ò dáa. Láàárín gbogbo èèyàn báyìí?"

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n gbé iyẹ̀pẹ̀ wá láti oko tó dára jù ní Ìsarà, ẹ̀kún ọkọ̀ kékeré kan. Ìpẹ̀rú gbọ́, wọ́n fi ọkọ̀ ńlá gbé tiwọn. Fún oṣù mẹ́ta, Bàbá Olúsànyà kò rí ibi gba wọ ilé ara rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gbìyànjú oje igi kajú. Èèrà kó o lọ. Ó gbìyànjú omi ilá. Òórùn rẹ̀ lé àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ kúrò níwájú ilé. Ó tò pátákó ogójì tó ti fi iyẹ̀pẹ̀ kùn sẹ́yìnkùlé, ó ń fi kẹ́ẹ̀tù da omi lé wọn lórí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọkọ rẹ̀ ní òun ti rí ẹni tó sá fún òjò rí, òun kò tíì rí ẹni tó ń ṣe é nílé.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó lọ bá Alhaja Hussainat ní Ṣàgámù, arúgbó oníṣòwò obì tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

"Alhaja, kí ni àwọn ìyá yín fi ń ra ògiri tí òjò kì í fi í fọ̀ ọ́?"

Alhaja gbé ojú sókè. "Ṣebí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì lẹ wá bá wa nílé, tẹ́ ẹ ní ìdọ̀tí ni, ká lọ ra sìmẹ́ǹtì?"

"Èmi gan-an ni."

"Ẹ̀yin náà lẹ wá ń bi mí?"

"Mo ṣe àṣìṣe, Alhaja."

Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní wọn kò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó dà bíi pé Alhaja mọ̀, nítorí ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ìgbà náà ni Alhaja wá sọ fún un nípa èèpo èso igi irú, tí wọ́n ń sè títí omi rẹ̀ yóò fi dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, tí wọ́n á sì fi pa ògiri lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó dán an wò lára pátákó fún ọdún méjì gbáko, nítorí kì í gba ohunkóhun gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2023, ó kun ògiri náà lákọ̀tun. Ó lo ọjọ́ mẹ́rin lórí ojú obìnrin Ìsarà nìkan. Nígbà tó parí, ó jókòó sórí àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run.

Oòrùn ṣì mú nígbà náà. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, oorun gbé e lọ, kò sì jí mọ́. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Kò rí òjò kankan.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sin ín. Bàbá Olúsànyà, tí kò bìkítà fún ògiri náà rí lójú ẹnikẹ́ni, ṣí agbòjò, ó jáde, ó sì dúró sójú títì.

"Bàbá, ẹ wọlé! Òtútù á mú yín!" ni Ìdírísù ń pariwo lódìkejì.

Bàbá ń fi ìka kà wọ́n. "Mọ́kànlá," ló dáhùn.

Gbogbo òjò ọdún náà ló jáde sí. Ti Òkúdù, ti Agẹmọ, àti ti Ọ̀wẹwẹ̀ tó wó ọgbà aládùúgbò. Obìnrin Ìsarà pàdánù etí kan. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún Ọláwọlé. Àwọn yòókù pé, bí wọ́n ṣe jókòó náà ni wọ́n jókòó.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, Bàbá gbé àga síwájú ògiri náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìdírísù nu ọwọ́ rẹ̀, ó sọdá wá bá a.

"Bàbá, òjò ti tán pátápátá. Wọ́n ti là á já. Ẹ lè wọlé wàyí."

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. Kò dìde. "Jẹ́ kí n bá wọn jókòó díẹ̀ sí i. Ẹni tó ń tọ́jú wọn ò sí nílé."