Ẹsẹ̀ Tí Yóò Tẹ Bíréèkì

Kí n tó rí ọkọ̀ ìyàwó mi ni mo ti máa ń gbọ́ ọ. Ilé wa wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ní Ẹdẹ, ní ìhà ibi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀ lọ sọ́dọ̀ odò Ọ̀ṣun. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ó ní ibi tí ọ̀nà ti yà kọ́rọ́, kò sì sí awakọ̀ tí kò ní tẹ bíréèkì níbẹ̀. Ibẹ̀ ni tirẹ̀ ti máa ń ké. Igbe tín-ín-rín kan ni. Á bẹ̀rẹ̀ lókè, á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi dúró lẹ́nu géètì. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, màá fi ayùn sílẹ̀, màá dìde lọ ṣí géètì. Obìnrin tó ń ta gaàrí níwájú ilé wa á ti ké sí mi láti ìsọ̀ rẹ̀ pé, "Bàbá, ìyàwó yín ti dé o, ẹ gbé omi kaná!" Ó mọ̀ pé èmi ni mo máa ń gbé omi ẹ̀bà kaná de ìyàwó mi, ó sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rín nìkan ni mo fi ń dá a lóhùn.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe irú èyí tí èèyàn máa ń rí lọ́wọ́ tíṣà bí ìyàwó mi. Ọkọ̀ Jámánì ni, aláwọ̀ eérú, ó mọlẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń kùn bí ẹni tí inú ń bí. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ràn eré ni wọ́n máa ń ra irú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́ sí i. Mo rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ wà á wọ àdúgbò. Àwọn ọlọ́kadà oríta hó yè, wọ́n ní, "Máà, ẹ̀yin náà ti di ọmọ yàhúù!" Ó yọ orí síta, ó ní, "Ìyá wọn ni mí, ẹ má ṣì mí pè." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ojú ń tì. Mo fa fìlà bojú bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Nígbà tí a délé, mo ní kó ta ọkọ̀ náà, kó ra èyí tó yẹ àgbàlagbà. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo iwájú, ó ní òun kò rí àgbàlagbà kankan nítòsí. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé èmi gan-an ni mo ń fi aṣọ nu ọkọ̀ náà láràárọ̀.

Káfíńtà ni mí. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀wé. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ni mo ti lọ kan bẹ́ńṣì. Ó rí i pé ilà ni mo ń fà sára pákó dípò kí n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kò sì fi mí rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní kí n máa bọ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà tí òun ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìwé kà, ibẹ̀ náà ni mo ti rí aya. Ohun gbogbo ló máa ń ṣe kíákíá. Ó ń yára jẹun, ó ń yára sọ̀rọ̀, ó sì ń yára dárí ji èèyàn. Èmi máa ń wọn pákó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gé e.

Bíréèkì ọkọ̀ ìyàwó mi ń ké nítorí pé páàdì rẹ̀ ti jẹ. Páàdì ni irin pẹlẹbẹ méjì tó máa ń há àwo ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ àárín nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Mẹkáníìkì wa ti sọ fún un pé kó pààrọ̀ wọn. Ó ní bí àwọn bá ti ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì tán, òun yóò ṣe é, nítorí òun wà nínú ìgbìmọ̀, òun kò ráyè. Ìkórè kò bá a láyé. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú un lọ. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọkọ̀ ni. Kì í ṣe ọkọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí rẹ̀ jókòó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ní ohun ìyá, ọmọ ló ni ín, kí ọkọ̀ di ti ọmọbìnrin wa. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí Ìlọrin, kò sì tíì pẹ́ tó kọ́ ọkọ̀ wíwà. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀. Mo ta tapólì bo ọkọ̀ náà, ó wà bẹ́ẹ̀ di ìgbà tí ọmọ fẹ́ wá gbé e.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mẹkáníìkì wá gbé e lọ tún ṣe, mo wà nídìí iṣẹ́ mi lẹ́yìnkùlé. Ó wà á gòkè, ó dé ibi kọ́rọ́ yẹn, bóyá ẹran ló já sí i lójú ọ̀nà ni, ó tẹ bíréèkì. Ó ké. Mo fi ayùn sílẹ̀, mo dìde, mo sì rìn dé géètì kí n tó rántí pé ọkọ̀ náà ń lọ ni, kò bọ̀. Oní-gaàrí rí mi níbi tí mo dúró sí.  Ó wolẹ̀, ó ń fi ọwọ́ to gaàrí tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Mẹkáníìkì pè mí lọ́sàn-án. Ó ní páàdì ti tán pátápátá, irin ń jẹ irin. "Ẹ lọ ra òmíràn wá, Bàbá. Oríṣiríṣi ló wà fún irú ọkọ̀ yìí o, ẹ má gba èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ nà sí yín. Ẹ rántí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé yín. Bíréèkì tí kò bá mú níbẹ̀, ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣun ló ń lọ."

Ìsọ̀ Àlàájà kan ni mo lọ. Ọkọ rẹ̀ ló dá ìsọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n sì jọ ta ohun èlò ọkọ̀ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọkùnrin kan jókòó sórí táyà níbẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n bá òun wá bẹ́líìtì fáànù. Mo kí wọn. Mo sọ irú ọkọ̀ tí mo ní, mo ní páàdì iwájú ni mo fẹ́, kó jẹ́ tòkúnbọ̀. Gbogbo wa ni a ti gbà ní ìlú yìí pé ohun tí òyìnbó bá lò kù sàn ju tuntun inú páálí lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni mo sọ.

Àlàájà pàtẹ́wọ́. "Tòkúnbọ̀ kẹ̀! Páàdì àlòkù dà bí eyín àlòkù, Bàbá. Ṣé ẹ máa gba eyín ẹlòmíràn sẹ́nu?"

"Bí eyín náà bá ti Jámánì wá, Àlàájà," ni ọkùnrin orí táyà wí, "èmi á gbà á."

"Ìwọ, èyí tó wà lẹ́nu ẹ ò tíì sinmi ọ̀rọ̀, o tún ń wá òmíràn." Ó kọjú sí mi. Kò tíì fọwọ́ kan ọjà kankan. Ìṣe rẹ̀ ni pé á kọ́kọ́ béèrè awakọ̀ kó tó mú páàdì. "Ta ló máa wa ọkọ̀ yìí?"

"Ìyàwó mi ni."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ẹnu mi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ ìdáhùn náà.

"Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́? Ó wúwo, àbí ó fúyẹ́?"

"Ó wúwo. Ó máa ń sáré."

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Èmi tí wọ́n máa ń fi ipá fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Mo sọ bó ṣe ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wọn ní ìlú Ara láràárọ̀, bó ṣe ń ya tírélà sílẹ̀ tí á máa kọ orin ìyìn, bó ṣe ń tẹ bíréèkì bí ẹni tó fẹ́ pa aáyán. Mo ní ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìkórè. Mo ní kì í jẹ ẹ̀bà tútù. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń sọ bí ẹni pé ó wà nílé tó ń retí mi. Ọkùnrin yẹn ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń jayé, Bàbá. Ìyàwó ń gbé yín kiri!" A jọ rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Àlàájà gbé páálí méjì lé orí káńtà. Ó ní, "Èyí le. Ti ẹni tó ń sáré ni. Bó bá gbóná tán ló ń di táyà mú dáadáa, ó sì fẹ́ ẹsẹ̀ gidi. Ó máa ń ké díẹ̀ ṣá. Èyí kejì rọ̀. Kò ní ké rárá. Ẹsẹ̀ fífúyẹ́ ló ni ín. Bí èèyàn bá ti fẹsẹ̀ kàn án báyìí, ó ti dúró."

"Ó máa ń ké?" ni mo bi í.

"Díẹ̀ ni. Kò ní dà yín láàmú."

Mo ní èyí tó ń ké yẹn ni kó fún mi. Ọkùnrin orí táyà ní òun ti rí oníbàárà tó ń bá páàdì jà nítorí igbe, òun kò rí ẹni tó ń fi owó rà á rí. Mo sanwó, mo gba páálí. Mo ti yí padà tán nígbà tí Àlàájà ní, "Ẹ bá mi kí ìyàwó yín o, Bàbá. Ẹ ní mo ní kí wọ́n rọra máa sáré."

"Yóò gbọ́," ni mo wí.

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹrù ni kíkí. Bí ìyá mi bá ti àdúgbò Alajue dé, agbọ̀n á ṣì wà lórí rẹ̀ tí á ti máa kà á fún wa pé lágbájá ní ká kí yín, tàmẹ̀dù ní ká kí yín. Ó ní ẹni tó bá gbé kíkí ẹlòmíràn mì, olè ni. Mo dé ojú títì, mo dá kẹ̀kẹ́ dúró. Awakọ̀ bi mí pé ibo ni mò ń lọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ ń lọ àbí ẹ ò lọ?" Ohun tí mò ń rò ni ibi tí màá ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ilé wo? Ta ni màá jẹ́ ẹ fún? Bí mo ṣe ń ro ẹni tí yóò wà nínú ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ ọmọbìnrin wa wá sí mi lọ́kàn. Mo ti rí i níbi tó ti ń kọ́ ọkọ̀ ní pápá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń tẹ bíréèkì bí ẹni tó ń tẹ sìmẹ́ǹtì tí kò tíì gbẹ. Mo rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé wa, mo rí odò nísàlẹ̀. Mo wo páálí ọwọ́ mi. Igbe ni mo rà. Bíréèkì kọ́.

Mo padà. Àlàájà rò pé mo gbàgbé nǹkan.

"Àlàájà, kíkí tí ẹ ní kí n bá yín kí ìyàwó mi, n ò ní lè jẹ́ ẹ."

Ó wò mí. Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọkùnrin orí táyà. Ó dìde, ó jáde síta, kò sì dúró gba bẹ́líìtì tó ń retí.

"Láti ìgbà wo?"

"Kí ìkórè tó kọjá yìí tó wọlé."

Ó jókòó.  "Ẹ kú àmúmọ́ra, Bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Lẹ́yìn náà ó tọ́ka sí àga kan tó wà ní kọ̀rọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. "Àlàájì ọkọ mi tó ni ìsọ̀ yìí ńkọ́? Àwọn oníbàárà tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọn ò tíì gbọ́ pé ó ti kú, bí wọ́n bá ní kí n bá àwọn kí i, mo ṣì máa ń ní yóò gbọ́. Kí ni mo fẹ́ máa rò fún wọn?" Ó nu ojú. "Ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ purọ́ fún bíréèkì. Ta ló máa wa ọkọ̀?"

"Ọmọ rẹ̀."

"Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ńkọ́?"

"Ó fúyẹ́."

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ó gba èyí tó ń ké lọ́wọ́ mi, ó dá a padà sórí pẹpẹ, ó sì fún mi ní èyí tó dákẹ́. Kò bu kíkí kankan lé e fún mi. Ó kàn sìn mí dé ojú títì.

Nígbà tí mẹkáníìkì dè wọ́n tán, ó kó àwọn ògbólógbòó mọ́wọ́, ó bi mí bóyá kí òun jù wọ́n nù. Mo wò wọ́n. Irin jíjẹ lásán ni. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi ló ń mú wọn ké. Mo ní kó jù wọ́n nù.

Lọ́jọ́ tí ọmọ wá gbé ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wà á láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì wá sílé. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mo dẹ etí. N kò gbọ́ nǹkan kan. Hóònù ni mo gbọ́, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀: "Bàbá! Mo ti wà níbí látàárọ̀, ṣé ẹ ń sùn ni?" Mo sáré lọ ṣí géètì. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó ní ẹsẹ̀ lásán ni òun fi kàn án ní kọ́rọ́, ọkọ̀ sì dúró wọ̀ọ́. Mo ní ó dára. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó wà á lọ sí Ìlọrin. Mo dúró títí ó fi yà ní kọ́rọ́, mo sì mọ̀ pé ohun kan ti bá ọkọ̀ náà lọ tí kò ní padà wá.

Ní báyìí, mo ti gbé tábìlì iṣẹ́ mi kúrò lẹ́yìnkùlé wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, níbi tí mo ti lè rí ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ tí èèyàn kò bá lè gbọ́, ó ní láti máa wò ó ni. Bí ọmọ bá ń bọ̀, oní-gaàrí ló máa ń kọ́kọ́ rí i. Á pariwo pé kí n gbé omi kaná, èmi náà á sì gbé e.

Láìpẹ́ yìí, mo kọjá ní ìsọ̀ Àlàájà. Ó béèrè ọmọ, mo ní ó wà dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi kí i o." Mo ní yóò gbọ́. Nígbà tí ọmọ dé, kò tíì pa ẹ́ńjìnnì tí mo fi jíṣẹ́ fún un. Ó ní, "Ta ni Àlàájà?" Mo ní kó wọlé wá jẹun, omi ti hó.

Kíkí àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lọ́rùn mi. N kò gbé e mì. Mo mọ ẹni tí mo máa jẹ́ ẹ fún lọ́jọ́ tí a bá tún pàdé, pé Àlàájà ní kó rọra máa sáré. Ojú kò kán mi.